Ìbọ̀wọ́ Irun Àgùntàn

Helve, o ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì
kí o tó tún gbé báàgì kọ́ èjìká bí ọmọléèwé.
Ọdún mẹ́rìnlá lo fi ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Tartu,
títí ẹ̀rọ kan tí kò ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ fi gba àga rẹ,
ẹ̀rọ tí kò lè mọ̀, lójú èrò, ẹni tó ń lọ síbi òkú.
O ò bá a jà.
O ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe bí i."

Ní yàrá òkè, lẹ́bàá odò tí wọ́n ń pè ní Odò Ìyá,
òwò ni wọ́n ń kọ́ yín láàárọ̀, ẹ̀rọ lọ́sàn-án,
òfin nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú,
nínú oṣù Kejìlá sì rèé, kí aago mẹ́rin tó lù, ilẹ̀ ti ṣú.
Òwò á ní, "Èló ni?" Ẹ̀rọ á ní, "Ó ṣeé ṣe."
Òfin kì í tètè fèsì. Á nu awò ojú rẹ̀,
á ní, "Ta lẹ bi?"

Wọ́n fi yín pọ̀ mọ́ra:
Ragnar, tó mọ kóòdù bí ẹni mọ ọ̀nà ilé,
Piret, tó ti ta bàtà, tó ti ta ilé, tó lè ta yìnyín fún òtútù,
àti ìwọ, tí wọ́n ní kí o mójú tó òfin nítorí pé o dàgbà.
Ẹ ṣe ẹ̀rọ olójú kan tí ń ṣọ́ ìlẹ̀kùn fìríìjì:
bí arúgbó tó ń dá gbé kò bá ṣí i láti àárọ̀ dalẹ́,
ẹ̀rọ á ké sí ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.
Piret ti ṣírò èrè rẹ̀ kọjá ibodè dé Latvia.
Ìyá ta la ó kọ́kọ́ fi dán an wò?

Mama Leida, lábúlé kan lẹ́yìn Võru,
fi ìka kan tọ ìwé àdéhùn olójú ewé mọ́kànlá láti orí dé ìdí,
ohun tí ẹnì kankan kò ṣe rí ní kíláàsì yín.
Ó tẹ "Mo gbà", nítorí pé ìwọ lo bẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, fóònù rẹ ké: ìlẹ̀kùn kò ṣí.
O wọ bọ́ọ̀sì. Ọ̀nà kò tán.
O ti ń ro pósí, o ti ń ro ẹni tí yóò gbẹ́ ilẹ̀ tó ti dì.
O bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ń jẹ ọ̀dùnkún gbígbóná.
Ó ti hun ìbọ̀wọ́ irun àgùntàn, pupa òun funfun,
ó ti fi bo ẹ̀rọ náà lójú.
"Ó ń wò mí," ló wí. "Mo gbà lọ́jọ́ Ajé. Lónìí, n ò gbà mọ́.
Níbo ni wọ́n ti ń tẹ ìyẹn?"

O tú ojú ewé mọ́kànlá. Kò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, o gbé ìbọ̀wọ́ náà ka orí tábìlì.
Ragnar ń wolẹ̀. Ọkùnrin olówó tó ti Tallinn wá ń wo aago.
O bèèrè bọ́tìnnì kan, kó tóbi tó àtàǹpàkò arúgbó,
kó má bèèrè ìdí, kó má bẹ̀bẹ̀,
kó má ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?"
O ní òwò tí kò bá ní ọ̀wọ̀ nínú,
ọwọ́ lásán ni, àpò olápò ló ń wá kiri.
Olówó náà dìde kí o tó parí.
Dókítà Kangur fún yín ní mẹ́rin nínú márùn-ún,
ó ní àkọtọ́ yín kò dára.

Ragnar ṣe bọ́tìnnì náà lóru ọjọ́ yẹn.
Piret kò tíì bá ọ sọ̀rọ̀.
Ìbọ̀wọ́ ti padà sílé, ó ṣì jẹ́ ẹyọ kan;
ìyá rẹ ní òun yóò hun ìkejì bí ojú òun bá gbà.
Lálẹ́ Sátidé, ó pè ọ́ fúnra rẹ̀:
"Mo ti jẹun. Ìwọ ńkọ́?"
O wo fìríìjì rẹ ní kọ̀rọ̀ yàrá.
O ò rántí ìgbà tí o ṣí i gbẹ̀yìn.